Ní Ipasẹ̀ Ẹlẹ́nu Bàtà: Láti Entebbe dé Ẹnu Odò Náílì

Àbámẹ́ta: Èkó sí Entebbe

Oṣù kìn-ín-ní ni a yàn fún ìrìn-àjò yìí, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ní Ùgáńdà. Omi àbàtà máa ń fà lásìkò yìí, ẹja á há sínú kòtò kéékèèké, ẹyẹ tó ń jẹ ẹja á sì jáde síbi tójú lè tó o. Ẹyẹ tí a tìtorí rẹ̀ kúrò nílé gan-an ni shoebill, tí n ó máa pè ní ẹlẹ́nu bàtà. Kò sí ní Nàìjíríà. Inú àbàtà ńláńlá ààrin àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ló ń gbé, láti South Sudan títí dé Zambia, àwọn onímọ̀ sì fojú bù ú pé gbogbo èyí tó kù láyé kò ju bíi 5,000 sí 8,000 lọ. A tún ń wá finfoot, tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ka igi etídò, àti skimmer, tí àgógó rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ gùn ju ti òkè lọ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan la jọ lọ. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń wo ẹyẹ, ní bèbè odò Ògùn, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́ńsì rárá. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà. Awò awọ̀nàjíjìn àtijọ́ kan àti ìwé àkọsílẹ̀ ni tiwọn.

Ọkọ̀ òfuurufú ti ń lọ tààrà láti Èkó sí Entebbe láti ọdún 2023, a kò sì nílò láti yà síbòmíràn mọ́. Aago tiwọn fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. Nígbà tí a já ẹrù sílẹ̀, oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀, ni a bá gba ọgbà igi Entebbe lọ, ọgbà tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ lọ́dún 1898 létí adágún Victoria. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ súfèé lókè. Odídẹrẹ́ ni. Kì í ṣe ti inú àgò o. Odídẹrẹ́ tó ń fò láti igi dé igi, tí ìkódídẹ ń tàn nídìí rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá bà á. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, wọn kò gbé awò sójú pàápàá.

"Àbúrò, o gbọ́ wọn? Báyìí ni wọ́n ṣe ń ké lórí igi nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Ẹyẹ tí a fi ń ṣe adé, tí a fi ń ki ènìyàn, a ti mú un tà nínú igbó wa débi pé ó ṣòro láti rí i mọ́. Láti ọdún 2017 ni àdéhùn CITES ti fòfin de òwò èyí tí a bá mú nínú igbó, láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Inú mi dùn pé mo rí i níbẹ̀. Ó dùn mí pé ìrìn wákàtí mẹ́rin-márùn-ún nínú ọkọ̀ òfuurufú ni mo rìn kí n tó rí i.

Àìkú: Mabamba

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi dé etí omi Nakiwogo, a wọ ọkọ̀ ńlá tó ń kó mọ́tò sọdá sí Buwaya, a sì gba ọ̀nà eléruku dé èbúté Mabamba. Àbàtà yìí wà lára àwọn tí Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà, dáàbò bò, láti ọdún 2006. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń gbé e títí dé ibi tí koríko papyrus ti sún mọ́ra, lẹ́yìn náà wọ́n á pa á, wọ́n á gbé ọ̀pá gígùn, wọ́n á sì máa fi ti ọkọ̀ náà lọ ní jẹ́jẹ́.

Apẹja ni afinimọ̀nà wa tẹ́lẹ̀, baba rẹ̀ náà sì ṣe é. "Ssebo", ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin, ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi bí ó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun ṣì kéré, apẹja tó bá ṣe kòńgẹ́ ẹlẹ́nu bàtà lówùúrọ̀ á yí ọkọ̀ padà sílé, torí ìgbàgbọ́ wọn ni pé onítọ̀hún kò ní rí ẹja pa lọ́jọ́ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa á. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ náà kò nídìí: ẹja kan náà ni apẹja àti ẹyẹ yìí jọ ń lé. Emmamba ni wọ́n ń pè é, ẹja gbọọrọ tó ní ẹ̀dọ̀fóró, tí kò lè ṣe kó má jáde wá mí sójú omi. Ibi tó bá ti yọ orí ni ẹyẹ náà ti ń dúró dè é. Apẹja mọ̀ ọ́n, ẹyẹ mọ̀ ọ́n.

Ó tún sọ pé àwọn ará ilé Mmamba, ọ̀kan lára àwọn ìdílé tó tóbi jù ní Buganda, kì í fi ẹnu kan ẹja yìí. Èèwọ̀ wọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí a bá ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ìdílé, a ti dé ilé nìyẹn. Wọ́n fi ìdajì wákàtí béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti òkèèrè, tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè rí ẹyẹ tí àwọn ń pa, àwọn apẹja kan fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sì di afinimọ̀nà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìmọ̀ wọn kò yí padà. Ojú tí wọ́n fi ń wá emmamba náà ni wọ́n fi ń wá ẹyẹ. Ọkùnrin yìí kì í wo òkè. Omi ló ń wò, ibi tí ó bá ti ń hó wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀ láàrin òṣíbàtà, ibẹ̀ ló ń tọ́ka sí.

Orí ewé òṣíbàtà ni a ti kọ́kọ́ rí ẹyẹ jacana. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ rẹrẹ, ìwúwo rẹ̀ a sì pín káàkiri ewé, kì í rì. Akọ ló ń sàba lé ẹyin nínú irú ẹyẹ yìí, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, á sì gbé wọn rìn. A rí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú wa: ẹsẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá méjèèjì, ó dà bíi pé ẹyẹ kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Mo ya àwòrán yẹn dáadáa. Ẹyẹ apẹja kékeré aláwọ̀ búlúù náà bà lórí papyrus kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì jókòó pẹ́.

Ẹlẹ́nu bàtà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti òkèèrè ni a ti rí i, aláwọ̀ eérú, ó dúró ṣánṣán láàrin koríko. Ṣùgbọ́n a kọ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ti yí i ká níhà mẹ́ta, àwọn tó wà nínú ọ̀kan sì ń ké sí atukọ̀ pé kó sún mọ́ ọn sí i, kó sún mọ́ ọn. Ẹyẹ náà na ọrùn. Ó yí ara kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó tún na ọrùn, ó sì ṣí apá díẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ẹyẹ rí mọ ohun tó ń sọ. Ọkọ̀ náà tún sún. Ó fò, apá rẹ̀ tó fẹ̀ ju mítà méjì lọ gbé e kọjá orí wa, ó sì lọ bà sí ibi tí ọ̀nà omi kò dé. Ó ti pàdánù oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀ nìyẹn, torí ẹyẹ tó ń fi wákàtí púpọ̀ dúró de ẹja kan kì í rí òmíràn ní kíá.

Ọwọ́ mi wà lórí kámẹ́rà nígbà tó ń fò, mo sì ya á. Àwòrán náà mọ́, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ hàn. N kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Àwòrán ẹyẹ tí a lé kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀ kò yẹ lára ògiri. Afinimọ̀nà wa kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì yí wa padà. Owó tí àlejò ń san ló gba ẹyẹ yìí lọ́wọ́ àwọ̀n àti ọ̀kọ̀, owó yẹn kan náà ló sì ń ti ọkọ̀ lù ú. Ọwọ́ àwa tí a ń sanwó ni àtúnṣe wà. Atukọ̀ tí a bá sọ fún pé kó dúró lókèèrè, á dúró.

Ajé: ọ̀nà Mburo

Ọ̀nà Masaka la gbà. A kọjá ìlà tó pín ayé sí méjì ní Kayabwe, gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró níbẹ̀ ya fọ́tò, àwa náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn Masaka ni málúù Ankole ti pọ̀ lójú ọ̀nà, ìwo wọn ga tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù Fúlàní tiwa kò ní lè bá a du.

Nínú oko kan tí wọ́n ti kórè ni a ti rí ẹyẹ crane aládé, tọkọtaya, tí ìyẹ́ wúrà dúró ṣánṣán lórí wọn. Ẹyẹ yìí ló wà láàrin àsíá Ùgáńdà. Ó ń tán lọ pẹ̀lú gbogbo iyì yìí, torí wọ́n ń sọ àbàtà tó ń yé sí di oko, wọ́n sì ń mú ọmọ rẹ̀ tà. Àwa náà ní ẹ̀yà tiwa, crane aládé dúdú ti apá Òkè Ọya, tó máa ń kún àbàtà Hadejia àti Nguru nígbà kan. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn rí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àwọn ń sìnrú ìlú ní apá ibẹ̀. Wọn kò tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ìṣẹ́gun: lórí adágún Mburo

Finfoot kì í ṣe ẹyẹ tí a ń wá lójú omi gbangba. Abẹ́ ẹ̀ka igi tó tẹ̀ dé omi ló ń gbé, níbi tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ti dàpọ̀. Ara rẹ̀ rì sínú omi débi pé ọrùn àti orí nìkan ló máa ń hàn dáadáa. Ohun tó ń tú u fó ni àgógó àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó pọ́n bí iná. Ọmọbìnrin tó wa ọkọ̀ wa mọ gbogbo igi tó wà ní bèbè náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé wa lọ ní gígùn bèbè, kò sì jẹ́ kí a dìde.

Erinmi pọ̀ níbẹ̀, ohùn wọn ń dún káàkiri omi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀ka kan mì tí ọkàn mi fò, tí ó sì jẹ́ alángbá odò ńlá kan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí i. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn fi ìka kàn mí léjìká, wọ́n sì tọ́ka sí gbòǹgbò kan.

Akọ ni. Ó jáde lábẹ́ gbòǹgbò, ó ń mi orí síwá sẹ́yìn bó ṣe ń wẹ̀, ó sì tún wọlé. Ó gùn tó ìṣẹ́jú kan. Ìmọ́lẹ̀ kéré, mo gbé ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sókè dé 6400, mo sì fi àpò ẹ̀wà tẹ́ kámẹ́rà sí etí ọkọ̀, torí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń gbé kámẹ́rà dúró kò wúlò nínú ọkọ̀ tó ń mì. Èyí tó mọ́ jù nínú àwọn àwòrán náà fi ẹsẹ̀ pupa rẹ̀ hàn nígbà tó fi tẹ gbòǹgbò kí ó lè gun òkè. Ẹyẹ yìí wà ní Nàìjíríà náà, nínú àwọn odò inú igbó. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ti rí i nílé.

Ní ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni ọmọbìnrin náà tún fi night heron ẹlẹ́yìn funfun hàn wá. Òru ló ń jẹ̀, ọ̀sán ló ń sùn, inú ewé tó dí ló sì ń jókòó. Òrùka funfun tó yí ojú rẹ̀ ká nìkan la rí fún ìgbà díẹ̀, kí ojú wa tó mọ ìyókù. A kò dúró pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, torí oorun ló ń sùn.

Ọjọ́rú: ojú ọ̀nà

Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ni a wà nínú mọ́tò, láti Mburo gba Kampala lọ sí Masindi. Ẹyẹ àkọ̀ tí wọ́n ń pè ní marabou pọ̀ lórí igi àárín ìlú Kampala, wọ́n ga, apárí ni wọ́n, wọ́n sì ń jẹ lórí ààtàn. Àwọn ará ìlú kò kà wọ́n sí. Èmi kà wọ́n sí, torí àwọn ni wọ́n ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é. Oúnjẹ alẹ́ wa ni rolex, ẹyin tí wọ́n dín tí wọ́n sì wé sínú ṣapátì. Ó dùn gidigidi.

Ọjọ́bọ̀: Paraa àti ìṣàn omi Murchison

Odò Náílì ti ìhà Victoria ló ń gba àlàfo àpáta kan tí kò fẹ̀ ju bíi mítà méje lọ níbí, tí ó sì ń já lulẹ̀ ní mítà mẹ́tàlélógójì. Samuel Baker ló fi orúkọ Murchison pè é ní 1864. A gba orí omi lọ láti Paraa dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nì wà ní bèbè pẹ̀lú ẹnu yíyà, erin ń mu omi. Ojú mi wà lára àpáta kékeré kan láàrin odò tó ń hó, níbi tí àwọn ẹyẹ rock pratincole tò sí, tí omi ń ta sí wọn lára tí wọn kò sì mira. Ibi tí omi ti le jù ni wọ́n fẹ́ràn, torí kòkòrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n wà lórí àpáta odò Ọya náà.

Ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn ni kí n sọ. Ọ̀nà ọ̀dà tuntun tó tẹ́jú gba inú ọgbà ẹranko náà, ó sì yára gbé wa débẹ̀. Epo rọ̀bì ló mú ọ̀nà náà wá. Iléeṣẹ́ TotalEnergies ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tilenga, wọ́n sì ti ń gbẹ́ kànga epo láti ọdún 2023, apá kan rẹ̀ nínú ọgbà ẹranko Murchison fúnra rẹ̀. Páìpù tí yóò gbé epo náà lọ sí èbúté Tanga ní Tanzania gùn ní 1,443 kìlómítà. Àbàtà ẹnu odò tí a ń lọ lọ́la kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Láti Oloibiri ní 1956 ni epo ti wà lọ́dọ̀ wa, mo sì ti dúró ní etí odò ní ìpínlẹ̀ Bayelsa níbi tí omi ti ń dán kọ̀rọ́kọ̀rọ́ bí òṣùmàrè, tí ẹyẹ kankan kò sì bà síbẹ̀. Afinimọ̀nà ọ̀dọ́ tó wà pẹ̀lú wa béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́ nípa Niger Delta. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn: "Ọmọ mi, òótọ́ ni. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè báyìí, kí omi yín tó bàjẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i." Ó mú fóònù jáde, ó sì fi àwọn àkọsílẹ̀ ẹyẹ tó ti ń ṣe lóṣooṣù ní ẹnu odò náà hàn wá. Ó ti ń ṣe é kí a tó sọ. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹtì: ẹnu odò

Ìdájí ni a gbéra, ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Ibi tí Náílì ti ń wọ adágún Albert, odò náà á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sáàrin erékùṣù papyrus. Heron gòláyátì wà níbẹ̀, èyí tó ga jù nínú gbogbo heron ayé. Àkọ̀ kan tí àgógó rẹ̀ pín sí pupa àti dúdú ń rìn nínú omi tó mọ ní orúnkún. Lórí iyanrìn kan, skimmer jókòó sójú kan náà, gbogbo wọn kọjú sí atẹ́gùn. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn dìde, wọ́n fò bẹ́ẹ̀rẹ́ lórí omi, wọ́n ya ẹnu, àgógó ìsàlẹ̀ sì ń fa ìlà tín-ín-rín kan sójú omi bí wọ́n ti ń lọ. Ìgbà tí ẹja bá kàn án ni ẹnu máa ń pa dé lójijì. Afinimọ̀nà wa pa ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, kò dúró kí a sọ fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹlẹ́nu bàtà kan dúró lórí koríko tó léfòó, ní bíi ọgbọ̀n mítà sí wa, ó sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. A kò sún mọ́ ọn mọ́. Ẹyẹ náà wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn, kó gbàgbé wa.

Ó ga tó ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgógó rẹ̀ gùn ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ, ó fẹ̀, àbàwọ́n dúdú wà lára rẹ̀ káàkiri, ìkọ́ kan tó mú sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ìyẹ́ díẹ̀ dìde lẹ́yìn orí rẹ̀, atẹ́gùn ń mì ín. Òun fúnra rẹ̀ kò mì. Eṣinṣin bà sí i lẹ́nu, ó rìn dé ẹ̀bá ojú rẹ̀, ó fò lọ. Kò ṣẹ́jú. Ojú méjèèjì wà níwájú ju ti ọ̀pọ̀ ẹyẹ lọ, ó sì tẹ àgógó rẹ̀ mọ́ àyà kí ó lè fi méjèèjì wo ibì kan náà nínú omi. Àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wádìí pé ẹbí ẹyẹ òfú ló sún mọ́ ju ti àkọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ̀ ni ìrísí rẹ̀ jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ọ́ fún mi lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, awò wà lójú wọn.

Oòrùn ga. Ọrùn mi ń dùn mí, n kò sì gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà. Ìyára shutter kámẹ́rà wà ní 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́ńsì wà ní 500 mìlímítà, àpò ẹ̀wà wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí i tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣubú. Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn lò fún un. Ó jù gbogbo ara sílẹ̀, orí ló ṣáájú, apá ṣí sílẹ̀ láti gba ìwọ̀n, bí ẹrù ṣe ń já lórí alábàárù. Omi fọ́n ká. Fún ìgbà díẹ̀, ìyẹ́ àti koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fi apá ti ara rẹ̀ dìde, ẹnu rẹ̀ sì kún fún òṣíbàtà, ẹrẹ̀ àti ìrù emmamba kan tó ń lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni ó wù mí jù. Kò kánjú. Ó ń la ẹnu díẹ̀, ó ń pa á dé, ewé ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja kò jábọ́. Nígbà tí ó ku ẹja nìkan, ó fi etí àgógó rẹ̀ tó mú gé orí rẹ̀ sọ nù, ó gbé ìyókù mì, ó sì bu omi díẹ̀ mu lé e. Ó gbọn ìyẹ́. Ó tún dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ awò kalẹ̀, ojú wọn ti kún fún omi. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ya ẹyẹ yìí sójú pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé, láti inú ìwé. Afinimọ̀nà wa dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó má bàa dí mi lójú, èmi náà sì ti dá yíya dúró nígbà yẹn.

A bi í bóyá ó mọ ibi tí ìtẹ́ wọn wà. Ó ní òun mọ ọ́n, òun kò sì ní mú ẹnikẹ́ni débẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹyin kan sí mẹ́ta ni wọ́n máa ń yé, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń yè, torí èyí tó dàgbà jù máa ń lu àbúrò rẹ̀ títí yóò fi kú. Àwọn olówò ẹyẹ ń wá ọmọ yẹn láti tà fún àwọn tó ń kó ẹranko jọ sílé. Ní Bangweulu, ní Zambia, àwọn ará abúlé apẹja ni wọ́n gbà sí iṣẹ́ láti máa ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ rí ìtẹ́, mi ò ní kọ ibi tó wà sílẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ibẹ̀ hàn nínú àwòrán.

Àbámẹ́ta: Entebbe

A padà gba Masindi àti Kampala. Ní alẹ́, a jókòó sí balùkóní, ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìwé wọn, mo sì ń fi orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí eBird, ìkànnì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ń kọ ohun tí wọ́n rí sí. Mo ti fi àwòrán emmamba yẹn ránṣẹ́ sí fóònù afinimọ̀nà wa, àti ti jacana sí ti Mabamba, torí ojú wọn ló rí i kí tèmi tó rí i.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára, tàbí oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí eérú. Ẹ mú lẹ́ńsì tó gùn tó 400 mìlímítà ó kéré tán, kí ẹ má bàa ní kí atukọ̀ sún mọ́ ẹyẹ. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ sọ fún un pé tí ẹyẹ bá ti na ọrùn, kó dúró. Bí ẹ bá lè yan ọjọ́, ẹ má lọ sí Mabamba lópin ọ̀sẹ̀, èrò máa ń pọ̀. Ẹ fún afinimọ̀nà ní owó kún owó rẹ̀ bí ó bá dúró lókèèrè, kí ó mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ẹ fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n má tú ẹrù kámẹ́rà mi ká jìnnà. Finfoot yẹn, wọ́n ní àwọn odò inú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni a óò ti máa wá a kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti bá ọdẹ kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.